Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Sálímù

Lọ́dún 1994, àwọn obìnrin Èkó méjì háyà ilé àtijọ́ méjì tó fara kanra lẹ́bàá omi ní Sharjah, wọ́n sọ wọ́n di sítọ́ọ̀. Ọjà Deira ní Dubai ni wọ́n ti ń rajà, ṣùgbọ́n Sharjah ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti kó o sí. Wosilat wà nínú ilé ńlá, Ganiat wà nínú ilé kékeré. Bàbá Sálímù, Lárúbáwá arúgbó kan, ló ni ilé méjèèjì. Làtífù, ará Pakistan, ló ń bá a mójú tó wọn.

Wosilat kì í kí Ganiat. Bí wọ́n bá pàdé, á yíjú sí ògiri. Ganiat ló gbé ọ̀rọ̀ dé Mushin pé Wosilat ń bá ọkùnrin Íńdíà kan gbé ní Karama, ní Dubai. Irọ́ gbuu! Bedspace, ìyẹn ibùsùn àháyà, ni Wosilat ń sùn sí, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú yàrá tí èèyàn ò ti lè na ẹsẹ̀ tán. Ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ bi í léèrè. Ó ju ẹrù rẹ̀ síta, ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àbúrò Ganiat sì ni ìyàwó ọ̀hún. Ẹ ò rí nǹkan!

Àwọn àgbà ẹbí ti dá sí i. Wọ́n ní bí Wosilat bá ti ní ṣọ́ọ̀bù àti yàrá tirẹ̀ l'Ékòó, kó wá kó àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo làálàá rẹ̀ láti ìgbà náà, inú ilé Sálímù ló wà: léèsì, bàtà, tẹlifíṣọ̀n, páálí lórí páálí. Bí ẹrù yẹn bá ti gúnlẹ̀ sí Àpápá, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ àwọn ọmọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n wọn ilé Wosilat lókè nílẹ̀, wọ́n ya ilẹ̀kùn ní fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wo ilé Ganiat, Ganiat fúnra rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Wosilat, wọ́n bá tiwọn lọ.

Wosilat sún mọ́ ọ̀dà náà, ó wò ó. Ọmọ Èkó wo ni kò mọ iṣẹ́ ọ̀dà pupa? Wọ́n ti kọ irú ẹ̀ sára ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí katakata fi dé, wọn ò sì jẹ́ kí ìyá náà mú abọ́ kan jáde. Ó wo Bàbá Sálímù. Ẹ̀rín ni bàbá ń rín, ó ń pín kọfí àti dàbínù fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wosilat ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé ìjọba ti ṣèlérí ilé tuntun fún un.

Ó gba kọfí, ó mu ún. Kó tó gbé ife sílẹ̀, ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ó ra tapólì, ó ta á sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń sá fóòrùn, ó sì fi bo ọ̀dà náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá kan ilẹ̀kùn Ganiat.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o."

Ganiat gbé téèpù tó fi ń di páálí sílẹ̀. "Wosi? Èmi lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ààwẹ̀ ti dé tán, mi ò fẹ́ gbé ìjà wọ inú ẹ̀." Ó kúnlẹ̀. "Ẹrù yín ti ń yọ sójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ilé ńlá, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Èmi á fún ara mi mọ́ ibí."

Omi bọ́ lójú Ganiat. "Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tí mo ṣe yẹn ń dùn mí. Mi ò mọ ohun tó kó sí mi lẹ́nu."

"Ó ti tán, mà. Khalas."

Ṣé o rò pé o ti sunkún? ni Wosilat ń wí nínú. O ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ láàárín ara wọn, bí àwọn oníṣòwò Èkó ṣe máa ń ṣe. Ta ló fẹ́ pe onílé sí irú ẹ̀, kó lọ dọ̀rọ̀ àdéhùn tuntun? Wosilat kó páálí rẹ̀ wọ ilé kékeré títí ó fi kan òrùlé.

Nígbà tó yá, Làtífù pàdé rẹ̀ ní Deira, níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan.

"Mama, Sátidé yìí, wọ́n ń bọ̀ wá wólé. Ẹ bá mi sọ fún sister yín kó kó gbogbo ẹrù ẹ̀ jáde. Mo kanlẹ̀kùn títí, mi ò bá a."

"Màá sọ fún un."

"Shukran, Mama."

Kò sọ fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ganiat gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún un. "Wosi, mo ti fóònù ọkọ ẹ. Mo ti jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ó ní òun ò ní pa àdéhùn tì: bí o bá ti lè gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ."

Ọ̀rọ̀ dé ètè Wosilat. Ó rántí bí wọ́n ṣe fa ọmọ rẹ̀ obìnrin já mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ọmọ náà ń pè é. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó dúpẹ́ oúnjẹ.

Ní Sátidé, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onítíì ará Íńdíà tó wà lódìkejì títì. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ganiat ti lọ rajà. Katakata dé pẹ̀lú ariwo, àwọn òṣìṣẹ́ lu ilẹ̀kùn ilé méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọ̀gá wọn ká tapólì sókè, ó rí ọ̀dà pupa, ó fọwọ́ pe awakọ̀. Wosilat rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí onítíì bu ife mìíràn fún òun.

"Ilé ìtàn ni ọlọ́dà pupa yẹn, Mama," ni onítíì wí bó ṣe ń po ṣúgà, "ìjọba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí ayé, èyí tó bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ wó," katakata sì rọra yípo, ó gbé eyín irin rẹ̀ lé òrùlé ilé kékeré.