Aránṣọ Tó Ní Òun Mọ Oníbàárà Òun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín: irú ènìyàn wo lẹ rò pé ó máa ń kó ọmọ ọlọ́mọ tà? Ọ̀pọ̀ wa á ní àjèjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà mìíràn. Ẹ wá gbọ́ èyí.

1. Aránṣọ kan ń kọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀ga ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ló ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Obìnrin afínjú kan wà nínú àwọn oníbàárà yìí tó máa ń yin aránṣọ, tí orí aránṣọ á sì máa wú. Lọ́jọ́ kan, afínjú náà ní ọ̀rẹ́ òun ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ lókè òkun, pé wọ́n ń wá ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Òun á ṣe gbogbo ètò ìrìn-àjò.

Ìyá Ẹ̀ga kò fẹ́. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àbí o ò fẹ́ kọ́mọ ẹ là ni?"

Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀, àbúrò gbà. Ẹ̀ga ń ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi wọkọ̀, ó ní bí òun bá dé, ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

2. Nígbà tó yá, fóònù Ẹ̀ga ò lọ mọ́. Afínjú náà ò sì wá gba aṣọ tó fi sílẹ̀ fún rírán. Àbúrò sunkún wá, ó ní kí wọ́n jọ lọ sílé obìnrin náà. Aránṣọ dìde, ó tún jókòó. Ó mọ ìbàdí obìnrin náà, ó mọ gígùn apá rẹ̀, ó mọ̀ pé èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ díẹ̀. Ilé rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ará rẹ̀ ńkọ́? Kò mọ ọ̀kankan.

3. Kò sí ilé iṣẹ́ ìránṣọ níbi tí wọ́n mú Ẹ̀ga lọ. Wọ́n gba fóònù àti ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Ó ń fọṣọ, ó ń nulẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n sì ń lù ú bó bá ti dárúkọ ilé. Aládùúgbò kan ló gbọ́ igbe rẹ̀, tó ké sí ọlọ́pàá, tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀ga padà dé lóòótọ́, àmọ́ ẹnu tí kì í sinmi ti dákẹ́. Ìdí ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tìlẹ̀kùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Aránṣọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó gbé pọ̀n.

"Ẹ dìde, màmá mi," ni Ẹ̀ga wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ lù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n, mo gbà yín gbọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ẹnu yín dúró fún ẹni tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀, bó ti wù kó yìn yín tó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣèlérí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn fún ọmọ yín, ẹ ṣe èyí lónìí: ẹ ní kó mú yín dé ilé rẹ̀, kí ẹ rí àwọn ará rẹ̀, kí ẹ bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá ń wá àwáwí, ẹ ní kọ́mọ yín tú ẹrù tó ti dì.