Ẹtu Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta àti Ìyá Ọ̀yà

Àlọ́ mi ré kọjá igbó, ó balẹ̀ sọ́dọ̀ Ẹtu. Pàkúté ti gé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan, mẹ́ta ló fi ń rìn.

Ọ̀dá dá lọ́dún kan, odò gbẹ, àwọn ẹranko sì dìde láti wá omi lọ. Ọ̀yà wo ìyá rẹ̀ tó fọ́jú, ó wo Ẹtu, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì á fà wá sẹ́yìn. Ẹ dúró síbí." Wọ́n sì lọ.

Ẹtu sunkún títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ máa tẹ̀lé ohùn mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

Ìyá, ọ̀nà jìn o — Rọra.
Ẹsẹ̀ mi ò pé o — Rọra.
N ò ní fi yín sílẹ̀ — Rọra.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá dúró lábẹ́ àpáta. Ó ní, "Ọmọ mi, mo gbóòórùn omi. Gbẹ́ ibí." Ẹtu ń gbẹ́lẹ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ẹ̀jẹ̀ bo pátákò rẹ̀. Kí omi tó sun jáde, ìyá ti kú.

Lọ́jọ́ keje, àwọn tó lọ ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ ti ṣubú sọ́nà. Ọ̀yà wọ́ dé etí omi.

Ẹtu ní, "Mu."

Ó mu tán, ó ní, "Ìyá mi ńkọ́?"

"Àwọn ló rí omi náà fún wa. Mo ti sin wọ́n."

Ọ̀yà bú sẹ́kún. Ẹtu ò bú u. Ó ń tiro lọ pàdé àwọn tó ṣubú sọ́nà, kó lè mú wọn wá síbi omi.

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí kí n tó wálé.