Wahab àti Ọpọlọ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹlòmíràn

Àbùkù Wahab kò ju ẹyọ kan lọ: kò gbà pé ọjà tó dára lè ta lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ńlá ló gbójú lé, bí kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1996, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti mú kí gbogbo wa lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì, Wahab ń ta kọ̀ǹpútà lórí tábìlì tó háyà ní Ọ̀tigbà, n'Íkẹjà. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń du ọjà pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Báltẹ́ẹ̀kì lókìkí, ẹni tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí pàápàá ń béèrè rẹ̀. Súrídà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún oníbàárà, á bi yín bóyá oògùn ikọ́ ni.

Wahab bá dọ́gbọ́n. Ó ń fi sáńpépà ha orúkọ Súrídà kúrò, ó ń tẹ Báltẹ́ẹ̀kì sí i. Wàhálà kan ló kù: bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ó máa ń kọ orúkọ ọpọlọ rẹ̀ sójú mọ́nítọ̀ fúngbà díẹ̀. Wahab ṣòfin fún àwọn oníbàárà: "Ẹ kọ́kọ́ tan àpótí rẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta kí ẹ tó tan mọ́nítọ̀. Bí iná bá wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó jóná nìyẹn." Wọ́n gbà á gbọ́. Ọ́fíìsì kan wà ní Opebi tí gbogbo wọn ti ń kà á pọ̀ láràárọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Dàwódù, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ń ta Súrídà bí Súrídà.

"Wahab, máa tà á lórúkọ tó ń jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni mélòó ló ra ọ̀kan lọ́wọ́ yín lónìí?"

"Ẹnì kan."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan l'Ágége ń wá ogójì kọ̀ǹpútà. Wahab pinnu pé òun ni yóò gbà á, nítorí iṣẹ́ yìí ló máa sọ ọ́ di oníṣọ́ọ̀bù. Ìyáàfin Adébísọ́lá, olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ibẹ̀, gba ẹyọ kan, ó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, Wahab wọ táì. Ìyáàfin náà ti mú bírò lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ, iná ti dé. Àpótí àti mọ́nítọ̀ jí pọ̀. Orúkọ Súrídà hàn gàdàgbà. Kò sí ohun tó jóná.

"Ọ̀gbẹ́ni Wahab, kí ni Súrídà?"

"Iná ló fà á, mà."

"Ṣé iná máa ń kọ̀wé ni?"

Ó ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà. Ó fi èékánná ha Báltẹ́ẹ̀kì, ó sì ṣí.

"Kò sí èyí tó yá tó o nínú gbogbo èyí tí a dán wò," ni obìnrin náà wí. "Ká ní ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ni, ẹ̀yin là bá gbéṣẹ́ fún. Ta ló ń tà á láìparọ́?"

Ẹ̀ṣọ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wahab wolẹ̀. "Dàwódù ni, mà."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníbàárà ti ń gbé ẹ̀rọ padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ọlọ́jà sì gba tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni ti Hassanat, atẹ̀wé kan tó ra ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ojúlówó Báltẹ́ẹ̀kì tí Wahab tà. Wahab tan ẹ̀rọ náà níṣojú rẹ̀, orúkọ Báltẹ́ẹ̀kì hàn ketekete.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?"

"Mo rí i," ni Hassanat wí. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ìyẹn. Ẹ gbà á padà."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Bí ọjà rere kò bá tíì lókìkí, sùúrù àti òtítọ́ ẹni tó ń tà á ni yóò sọ ọ́ di olókìkí. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Orúkọ tirẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ bàjẹ́, débi pé lọ́jọ́ tó bá sọ òtítọ́, kò ní rí ẹni gbà á gbọ́.