Mo-ti-mọ̀-ọ́n àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ìmọ̀tán ni àléébù ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Bí ènìyàn bá ń kọ́ ọ ní nǹkan, kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, yóò ti ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀-ọ́n. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó rò pé oríkì ni. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn náà, ara rẹ̀ ló sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti ń sọ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ń bú u.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà nígbà náà, họ́sítẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo ilé náà jọ ń lò, kò sì lágbára púpọ̀. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ lo ètò tí àwọn ènìyàn fi ń pín fíìmù àti orin láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọn yóò gé e kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ṣé o ò ka ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni?" Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ò mọ kọ̀ǹpútà lò ni wọ́n kọ ọ́ fún." Ó bá fi táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bo ìkìlọ̀ náà.

Fíìmù ìjà ló fẹ́ràn. Tọ̀sán-tòru ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń fà wọ́n wálẹ̀. "Èyí tí mo wò nínú wọn ò tó nǹkan," ó sọ fún mi. "Mo kàn ń kó wọn jọ ni, bí ẹni tó ń ra bàtà kiri tí kò lẹ́sẹ̀." Ohun tí ọ̀mọ̀tán kò mọ̀ ni pé ètò náà kì í gbà lásán, ó ń fúnni pẹ̀lú. Bó ti ń fa fíìmù wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àjèjì káàkiri ayé ń fa fíìmù jáde lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àjọlò ni gbogbo wọn sì ń jẹ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ilé-ìwòsàn ńlá kan fẹ́ gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́, ọmọbìnrin náà wà lára àwọn tó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ní àwọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ariwo pọ̀ ní yàrá tirẹ̀, ló bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí dáa?"

"Fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lo wà."

Ọmọbìnrin náà jókòó, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Mátírọ́ọ̀nù ilé-ìwòsàn náà bi í láti orí kọ̀ǹpútà pé, bí aláìsàn bá kọ̀ tí kò gba abẹ́rẹ́, kí ni yóò ṣe? Ó ya ẹnu láti dáhùn, àwòrán náà sì dúró gbagidi. Ohùn ń já. "A ò gbọ́ ẹ mọ́ o," ni mátírọ́ọ̀nù wí, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn. Kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ẹni tó kàn ti wọlé, òun ni wọ́n sì gbà.

Ọmọbìnrin náà sunkún títí. Inú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. "Àwọn kan wà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí tí wọ́n ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní àjẹkì! Èmi fúnra mi ni màá tú wọn fó!" Ó kó àwọn ará yàrá tó yí i ká jọ, ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣáájú wọn lọ sí ọ́fíìsì obìnrin tó ń ṣe àkóso nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Obìnrin náà tẹ́tí sí wọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Bóyá òjò àná ló ba wáyà jẹ́."

"Rárá o, Mà! Mo ti mọ̀ ọ́n. Ètò pínpín fíìmù ni. Ẹni tí ò bá dín agbára rẹ̀ kù, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa gbé mì. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọjọ́ tí mo ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo ti dín tèmi kù!"

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

"Kí lo sọ?" obìnrin náà béèrè.

"Mo ní..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ilẹ̀kùn.

"Níbo ni kọ̀ǹpútà rẹ wà báyìí?"

Àbúrò rẹ̀ ló dáhùn. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni, Mà. Ó ń dún hìì nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo rò pé fáànù ni." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, àṣé ẹ̀yin ni?"

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni pé ó dín èyí tó ń wọlé kù. Èyí tó ń jáde ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. "Ilẹ̀kùn iwájú ni mo tì," ó wí fún mi, "mo wá yọ ti ẹ̀yìn kúrò lára ògiri."

Wọ́n gé e kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí yóò fi jáde. Yàrá dé yàrá ló ń tọrọ kọ̀ǹpútà kiri láti fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀, àwọn tó kó lẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, òun kù sẹ́yìn. Ó lọ bẹ mátírọ́ọ̀nù, wọ́n ní iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ọmọbìnrin náà fà á dìde. "Mo ti dárí jì yín, Bọ̀dá. Àmọ́ bí mo bá tún ní ohun pàtàkì láti ṣe, mi ò ní wá ṣe é lọ́dọ̀ yín." Títí di òní, ọmọbìnrin náà kò tún ṣe ohun pàtàkì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ohun àjọlò kì í ṣe ohun àjẹkì. Òfin tó dáàbò bò ó, ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá sọ pé ìwọ̀nba ni òun ń lò, kó kọ́kọ́ wo ẹni tí ìwọ̀nba náà ń pa lára, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí ẹni tó bá sì mọ nǹkan díẹ̀ máa fi etí gbọ́ èyí tó kù, nítorí ohun tí a ò mọ̀ pọ̀ ju ohun tí a mọ̀ lọ.