Kẹ́ẹ̀gì Méjì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fọ́nnu níwájú ọ̀gá tó ń wá mẹkáníìkì kan ṣoṣo fáwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú igbó.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi to ẹ́ńjìnnì alùpùpù yìí, sà! Èmi ni mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin gbẹ́ ihò sílíńdà ẹ̀ kó lè já fáfá."

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ lù mí.

"Ìwọ, sún sẹ́yìn jàre! Ó kàn ń bá mi nu táyà ni, sà. Lọ gbé epo wá!"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá. Epo inú ọ̀kan mọ́ gaara. Tèkejì ṣú bí omi tíì.

"Ìdọ̀tí wo rèé? Ṣé o fẹ́ ba alùpùpù mi jẹ́ ni, olóríburúkú?"

Ẹ̀gbọ́n mi da èyí tó ṣú sílẹ̀, ó rọ èyí tó mọ́ sí táńkì.



Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ láti fi sítáàtì ẹ̀, ọ̀gá dì í mú.

"Bá ò bá po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ́ńjìnnì yìí, á nọ́kì. Ẹni tó tò ó gbọ́dọ̀ mọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ta ló po ọ́ìlì mọ́ èyí tó dànù yẹn?"

"Èmi ni, sà."

Èmi náà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé èyí tó mọ́ wá.