Kí Metro Tó Ti Ibi Ẹja Dé

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Metro Wozny di ẹrù sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ pẹja lórí adágún tó ti di yìnyín, ó di ọ̀sán Sátidé. Ardith ìyàwó rẹ̀ juwọ́ sí i láti orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, orí àga yẹn ló sì ti ń jẹ tó ti ń sùn. Dókítà ní kó máa rìn. Ardith ní níbo lòun ń lọ tí òun á fi máa rìn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni Metro ti ń ráhùn pé pálọ̀ tutù jù, tó sì ń gbàgbé ìwé àwọn tó ń ta ààrò gáàsì, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ sínú ògiri láti fi mú ilé móoru, káàkiri ilé, lórí tábìlì, lórí tẹlifíṣàn. Ardith ti pinnu: kí ọkọ òun tó dé, iná á ti máa jó nínú ògiri.

Leland Prokop ló pè. Leland ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì, Ardith ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà nílé ìwé girama. Òun nìkan ló dé. Ó ní òtútù mú ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn sì ń dun òun alára.

"Tísà, ẹ dákun, ẹ bá mi di orí téèpù yìí mú."

"Èmi tí mò ń fi ọ̀pá rìn?"

"Ọwọ́ kan ni téèpù ń fẹ́, mà. Ẹ fi èkejì mú ọ̀pá."

Ó dìde. Wọ́n wọn ògiri, ó sì ń padà sídìí àga rẹ̀ nígbà tí fóònù Leland dún ní àpò. Leland wò ó, ó gbé igi kan, ó fẹ́ kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí irin tí iná á máa jó nínú rẹ̀. Ardith yí padà.

"Leland, kí ni ìwé ìlànà wí nípa àyè tó yẹ kó wà láàárín igi àti irin yẹn? Ṣé o fẹ́ sun ọkọ mi níná ni?"

Leland bẹ̀bẹ̀. Ardith gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ayùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá wà lára ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Leland fẹ́ tẹ àwọn irin kéékèèké orí àpótí náà wálẹ̀, àwọn tí kì í jẹ́ kí igi kàn án. Ardith fi pẹ́ńsù gbá a lọ́wọ́. Leland tún gbé pákó lásán wá láti fi bo iwájú rẹ̀. Ardith dá a padà lọ ra pákó sìmẹ́ǹtì tí iná kì í ràn. Ó ní ìdí tí òun fi fún un ní òdo nílé ìwé nígbà yẹn gan-an nìyẹn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí Ardith fi di ògiri mú. Nettie, aládùúgbò wọn ní òdìkejì títì, gbé ìkòkò pẹrógì wá, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n di ànàmọ́ sínú rẹ̀. Kò jókòó. Ó yọjú wo iṣẹ́ náà, ó ní òun ní àlejò nílé, ó sì sáré lọ.

Ní Jímọ̀, wọ́n gba ara ògiri yọ páìpù èéfín síta. Ardith gba inú yìnyín yí ilé po, ó lọ wò ó pé ẹnu páìpù jìnnà sí fèrèsé. Leland so gáàsì, ó fi ọṣẹ híhó pa gbogbo oríkèé rẹ̀. Kò sí èyí tó hó, gáàsì kò jò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò wá wò ó kí wọ́n tó bò ó. Ó bi wọ́n pé ta ló to igi náà. Leland na ọwọ́ sí ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí ìyẹ̀fun igi kún orí rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò tíì rí iṣẹ́ tó mọ́ tó báyìí lọ́dún yìí, ó bu ọwọ́ lùwé.

Lọ́sàn-án Sátidé, Metro wọlé pẹ̀lú ẹja mẹ́ta tí kò ní orí tí kò ní ìpẹ́. Ardith dúró láàárín pálọ̀ láìmú ọ̀pá, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná ràn. Metro bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún fò dìde, ó ní ìgbà wo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀.

"Ìgbà tí o ń pa ẹja aláìlórí ni."

Metro ní ó yẹ kí ẹni tó ń ta ẹja náà rí jẹ. Ardith rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ síwájú ààrò, ó ń ṣàlàyé àyè, páìpù àti pákó sìmẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ ń lé ọ̀rọ̀. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, ògiri kíṣíìnì ló kàn.

Metro ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kò sì sọ fún un láéláé pé láti Ọjọ́rú, yàrá òkè nílé Nettie ni òun wà, nídìí fèrèsé tó dojú kọ pálọ̀ wọn, tí òun ń tẹ Leland láago pé kó tún ṣàṣìṣe mìíràn nígbàkigbà tí ìyàwó òun bá ti fẹ́ padà lọ jókòó.