Ojú Tí Oyèlàdé Fẹ́ Búra Lé

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Agẹmọ ni, òjò ń ṣe wínníwínní lábẹ́ òṣùpá. Lọ́la ni Oyèlàdé yóò búra lórí irin ní kóòtù pé Láoyè ni òun rí tó dáná sun abà kòkó. Ó ti ro ẹjọ́ náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà lọ wo abà náà, ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí i níbẹ̀.

"Bàbá, fìlà wo lẹ rí lórí mi lọ́jọ́ tí abà jó?" ọkùnrin náà béèrè.

"Pupa."

Fìlà orí ọkùnrin náà pọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe dúdú?"

"Bóyá dúdú ni."

Ó sì di dúdú.

"Ẹ̀yin náà! Ojú mi wá ńkọ́?"

Orúkọ Láoyè dé ètè Oyèlàdé, ó gbé e mì. Ọkùnrin náà yíjú sí i. Ibi tó yẹ kí ojú wà dán bí igbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó ń dúró de ìdáhùn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju méjì lọ: Oyèlàdé àti ẹni náà. Láoyè kò sí níbẹ̀.